Ìròyìn Bàbá Àkànó Tí Kò Ṣeé Kà Tán

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ò tíì lù tí Lubabah ti jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ ní Àmùkòkò. Yunifọ́ọ̀mù ló ń rán, ogójì ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, torí ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ máa wọlé. Bó ṣe fẹ́ fa òwú sójú abẹ́rẹ́ ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́.

"Lubabah! Wọ́n ti gbé bàbá yín sínú ìwé ìròyìn o!"

"Mo rí Bàbá Àkànó lórí fóònù! Fìlà tí wọn kì í bọ́ yẹn náà ni wọ́n dé!"

Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló rí gedegbe, tó dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi tí kò tíì kàn tán ní Marine Beach, òòlù lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín débi pé àlàfo eyín rẹ̀ hàn síta. Lubabah figbe ta. Obìnrin tó ń din àkàrà lódìkejì títì sáré wá, ó rò pé abẹ́rẹ́ ló gún un lọ́wọ́.

"Bàbá mi ni! Ẹ wò ó, bàbá mi ni!"

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni akọ̀ròyìn kan, Chinaza, wá bá Bàbá Àkànó létí omi. Ó fẹ́ mọ bí ọmọ Ìsẹ́yìn, tí kò mọ odò kankan ju odò tí wọ́n ti ń pọnmi lọ, ṣe di ẹni tó ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí mẹ́ta. Chinaza lọ, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di àárọ̀ yìí.

Lubabah bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn náà. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá alákàrà bó ṣe ń kà á. Wọ́n sọ nípa ọdún tí bàbá dé Èkó. Wọ́n sọ nípa pákó àti ìṣó. Ìgbà tó yá, ó kan gbólóhùn kan báyìí:

"Ẹnì kan tí Bàbá Àkànó sọ pé òun ò ní gbàgbé ohun tó ṣe títí òun ó fi kú ni Linus, apẹja tí wọ́n jọ wà létí omi, ẹni tó…"

Ó parí síbẹ̀. Ojú fóònù funfun báláú, àpótí kékeré kan sì jáde: "Àwọn tó bá san àsansílẹ̀ owó nìkan ló lè ka ìyókù."

"Ẹni tó ṣe kí ni?" Ìyá alákàrà fọwọ́ lérán.

Lubabah tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àpótí náà kò kúrò. Ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló máa kà á débẹ̀.

Òótọ́ ni. Nígbà tó fi máa dé Marine Beach lọ́sàn-án, ariwo ti gba etí omi kan. Linus dúró láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, ó ń fi ọwọ́ lu àyà. Sàpẹ́lẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń mu omi Èkó, Yorùbá àti Pidgin sì ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.

"Na me una carry go newspaper? Èmi? Kí ni mo ṣe tí ò ní gbàgbé títí tó fi máa kú? Make e talk am here! Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé!"

"Pápá Fejiro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀," ni Lubabah wí, ó kúnlẹ̀. "A ò tíì ka ìyókù."

"Ìyókù wo? Èyí tí mo rí yìí ò tó? Ọmọ mi Oghenefejiro pè mí láti Wárì. Ó ní, 'Daddy, kí lẹ ṣe fún Bàbá Àkànó?' Ìtìjú wo ló tún kù?"

Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ làwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Linus lọ ra ọkọ̀ fáíbà, kò jẹ́ kí Bàbá Àkànó kan onípákó fún un mọ́. Inú bí bàbá, ó ní lójú gbogbo ènìyàn pé ohun tí Linus rà kì í ṣe ọkọ̀, abọ́ ìfọṣọ ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Linus kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, èkejì á gba apá òsì.

Nísinsìnyí, Linus ti gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀. Ó ní Bàbá Àkànó ba òun lórúkọ jẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n lè ní kó kó pákó rẹ̀ kúrò létí omi.

Lubabah bá bàbá rẹ̀ nídìí ọkọ̀, tó jókòó sórí igi, tí kò kan nǹkan kan.

"Bàámi, kí lẹ sọ fún akọ̀ròyìn yẹn nípa Pápá Fejiro?"

Bàbá họ orí lábẹ́ fìlà. "Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀, Lubabah. Ọmọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀. Mo sọ rere nípa Linus. Mo sì tún sọ ti abọ́ ìfọṣọ."

"Yéè! Ẹ sọ ti abọ́ ìfọṣọ?"

"Mo sọ ọ́. Méjèèjì ni mo sọ. Èmi náà ò mọ èwo ló kọ."

"Nọ́ńbà Chinaza ńkọ́?"

"Ó fún mi ní káàdì. Omi ti gbé e lọ."

Lubabah padà sí Àmùkòkò pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ẹ̀rín sì ń pa á díẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá rántí abọ́ ìfọṣọ. Ó lo àkókò rẹ̀ ní àárọ̀ Jímọ̀ láàárín yunifọ́ọ̀mù àti fóònù. Bó bá rán apá kan tán, á tún tẹ ìròyìn yẹn wò bóyá ó ti ṣí.

Goodluck, tó ń gé irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló yọjú sí i.

"Àǹtí Lubabah, ìròyìn yẹn ṣì ń dà yín láàmú? Ẹ ò bi mí! Líǹkì kan wà tó ń ṣí gbogbo ìwé ìròyìn. Free of charge! Ẹnì kan ló fi sórí gúrúùpù wa lánàá. Èmi ti fi orúkọ sílẹ̀."

"O ti fi ka nǹkan?"

"Rárá o, wọ́n ní kí n dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí gbọ́."

Ó fi í ránṣẹ́ sí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, ó sì padà sídìí irun tó ń gé. Lubabah tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé tó ṣí dára, ó ń dán gbinrin: KA ÌRÒYÌN TÓ BÁ WÙ Ọ́ LỌ́FẸ̀Ẹ́. Wọ́n bèèrè orúkọ, ó kọ ọ́. Wọ́n bèèrè nọ́ńbà fóònù, ó kọ ọ́. Wọ́n ní: "A ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ. Kọ ọ́ síbí kí ìròyìn rẹ lè ṣí."

Nọ́ńbà mẹ́fà náà wọlé lóòótọ́. Lubabah gbé ìka rẹ̀. Ó kọ ọ̀kan. Ó kọ èkejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o! Aṣọ mi ti yá?"

Àǹtí Adaobi ló wọlé. Àmùkòkò ni wọ́n bí obìnrin yìí sí, ibẹ̀ ló ti dàgbà, òun ló sì ń tọ́jú ilé ìkàwé kékeré tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ Yorùbá àdúgbò náà jù ú lọ.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n tẹ nọ́ńbà yìí tán, ó ku mẹ́rin."

"Nọ́ńbà kí ni?"

Lubabah ṣàlàyé. Kó tó sọ̀rọ̀ náà tán, Àǹtí Adaobi ti na ọwọ́ bo ojú fóònù.

"Má tẹ̀ ẹ́. Lubabah, dúró ná. Ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé nọ́ńbà yẹn wá fún mi, sókè."

Lubabah kà á. "Nọ́ńbà Wásáàpù rẹ nìyí. Má ṣe fi han ẹnikẹ́ni."

"Ta ló fi ránṣẹ́?"

"Wásáàpù."

"Kí ló wá pa Wásáàpù pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn tí o fẹ́ kà?"

Lubabah wo fóònù. Ó wo Àǹtí Adaobi. Ó pa nọ́ńbà méjì tó ti kọ rẹ́.

"Ẹlẹ́tàn kan ti ń fi nọ́ńbà rẹ ṣí Wásáàpù lórí fóònù tirẹ̀ níbi tó wà," ni Àǹtí Adaobi wí. "Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan ló kù tí ò tíì rí. Bí o bá fún un, òun ló ni Wásáàpù rẹ nìyẹn. Á wá máa fi orúkọ rẹ tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí fóònù Lubabah tún fi dún. Lórúkọ Goodluck ni ọ̀rọ̀ kan wọlé lórí Wásáàpù: "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi, mo ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Liverpool Road, mo wà ní ọsibítù. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí kíákíá."

Àwọn obìnrin méjèèjì gbọ́ ohùn Goodluck láti ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ń kọrin, tí ẹ̀rọ ìgérun sì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Goodluck!" Lubabah ké. "Ṣé ọsibítù lo ti ń kọrin ni?"

Goodluck sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgérun lọ́wọ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó wọlé lórúkọ rẹ̀ hàn án. Ó ṣí fóònù rẹ̀, Wásáàpù ti lé e jáde. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ye! Ìyá mi! Ìyá mi máa fowó ránṣẹ́ o!"

"Pè wọ́n," ni Àǹtí Adaobi wí. "Má kọ̀wé, fi ẹnu ara rẹ pè wọ́n nísinsìnyí. Kí o sì pe ẹnì kan nínú gúrúùpù yín kó kìlọ̀ fún àwọn yòókù."

Ìyá rẹ̀ gbé e. Ó ti ń wọ bàtà láti lọ fi owó ránṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ dúpẹ́, ó wá bú u dáadáa, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ. Oníbàárà tí Goodluck ti gé ìdajì irun rẹ̀ náà ti jáde wá wò, ẹ̀rín sì pa gbogbo wọn. Àǹtí Adaobi ràn án lọ́wọ́ láti tún nọ́ńbà rẹ̀ fi sórí Wásáàpù. Nígbà tí ó padà bọ̀ sípò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní PIN sí i, kí ẹlẹ́tàn má baà rí i gbà bọ̀rọ̀ mọ́.

"Àmọ́ Àǹtí," ni Lubabah wí nígbà tí wọ́n jókòó padà, "báwo ni mo ṣe máa ka ìròyìn yẹn? Aago mẹ́wàá ọ̀la ni ìjókòó. Ṣé àfi kí n san owó oṣù kan nítorí gbólóhùn kan?"

"Bí o bá lágbára ẹ̀, kò burú. Iṣẹ́ ni àwọn akọ̀ròyìn yẹn ṣe. Wọ́n á wọ mọ́tò lọ bá èèyàn, wọ́n á jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á sì lọ kọ ọ́. Owó tí àwọn èèyàn ń san ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó mọ́ pọ̀ tí èèyàn fi lè kà á láìsan nǹkan kan. Ṣé o ti fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìwé ìròyìn yẹn fúnra rẹ̀?"

"Rárá."

"Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fún èèyàn ní ìròyìn méjì mẹ́ta lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti forúkọ sílẹ̀. Jẹ́ ká wò ó."

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Ìwé ìròyìn náà gbà á wọlé, ó sì jẹ́ kó ka ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ti ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ti Bàbá Àkànó, ó ní àkànṣe ìròyìn ni, kò sí lára ti ọ̀fẹ́.

Lubabah mí kanlẹ̀. Àǹtí Adaobi sì ń wo àwòrán tó wà lókè ìròyìn náà. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó bọ́ dígí rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

"Bàbá yìí ni bàbá rẹ?"

"Àwọn ni."

"Bàbá tó ń kan ọkọ̀? Lubabah, dìde. Fi yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀. Máa bọ̀."

Ilé ìkàwé náà kò jìnnà. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú fáànù kan tó ń ké. Àǹtí Adaobi mú un kọjá àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé, ó mú un dé iwájú ògiri kan tí wọ́n lẹ àwòrán mọ́. Lókè, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌN ARÁ ÀDÚGBÒ WA. Láàárín ògiri náà gan-an ni Bàbá Àkànó wà, lórí odindi ojú ìwé kan, fìlà lórí, òòlù lọ́wọ́.

"Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ni," ni Àǹtí Adaobi wí. "A máa ń gbà á níbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wá kà á. Ohun tí wọ́n tì lórí fóònù wà nínú èyí lódindi. Èmi ni mo gé e lánàá láìmọ̀ pé bàbá ẹ ni."

Lubabah súnmọ́ ògiri. Ó fi ìka wá gbólóhùn yẹn. Ó rí i. Ó kà á tán, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé sì gbójú sókè wò ó.

"Àǹtí, ẹ ò ní bínú, ṣé mo lè yá ògiri yín?"

Àǹtí Adaobi yọ ojú ìwé náà fún un.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ti jókòó sábẹ́ tapólì létí omi. Linus wọ aṣọ funfun, ó mú ojú le. Bàbá Àkànó jókòó lódìkejì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lubabah tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ó kúnlẹ̀, wọ́n ní kó dìde kó máa kà. Ó ń kà á lédè òyìnbó, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"'Ẹnì kan tí Bàbá Àkànó sọ pé òun ò ní gbàgbé ohun tó ṣe títí òun ó fi kú ni Linus, apẹja tí wọ́n jọ wà létí omi, ẹni tó bẹ́ sódò nínú òjò, tó fà á jáde lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tí bàbá kọ́kọ́ kàn dojú dé. Bàbá ní, Mi ò mọ omi wẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bí kò bá sí Linus, ọkọ̀ kan péré ni ǹ bá kàn láyé mi.'"

Lubabah tẹ̀ síwájú.

"'A ò sọ̀rọ̀ síra wa mọ́ báyìí. Ó ra ọkọ̀ fáíbà, mo pè é ní abọ́ ìfọṣọ. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ọkọ̀ dáadáa ni. Inú ló bí mi, torí mo rò pé kò nílò mi mọ́.'"

Gbogbo ojú yí sí Linus. Ó dìde. Ó wo Bàbá Àkànó títí.

"E no true," ló wí.

Lubabah tún yẹ gbólóhùn tó kà wò.

"Kò sí òjò lọ́jọ́ yẹn! Oòrùn ń ràn gan-an! Mo fa ṣòkòtò ẹ̀, ṣòkòtò já, mo wá di etí ẹ̀ mú, mo fà á jáde. Na by ear I take save this man! Kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀?"

Ẹ̀rín ta lábẹ́ tapólì. Bàbá Àkànó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Linus, òjò wà o."

"Òjò ò sí!"

"Ó wà!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti di ara wọn mú, tí wọ́n ṣì ń jiyàn òjò. Olórí ẹgbẹ́ ní kò sí ẹjọ́ mọ́, kí wọ́n lọ ra mínírà. Linus gba ojú ìwé náà lọ́wọ́ Lubabah, ó ní kí Goodluck, tó tẹ̀lé Lubabah wá, ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ orúkọ òun sí, kó fi ránṣẹ́ sí Oghenefejiro ní Wárì. Goodluck ní òun máa kọ́kọ́ fi ẹnu pè é, kó má baà rò pé ẹlẹ́tàn ni.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lubabah lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ẹ bá ka ìròyìn débi kan tí wọ́n ní kí ẹ sanwó, ẹ má ṣe fi ìdajì ọ̀rọ̀ bá èèyàn jà. Ìyókù ọ̀rọ̀ wà níbì kan.

Ẹ lọ sí ilé ìkàwé tó wà nítòsí yín, ẹ bèèrè ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀ lójú ìwé ti ilé iṣẹ́ ìròyìn náà gan-an, kí ẹ rí èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń san àsansílẹ̀, ẹ bi í bóyá ìwé ìròyìn rẹ̀ gbà á láyè láti fi ìròyìn kan ta yín lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí akọ̀ròyìn náà, àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ tún gbọ́ rédíò, torí ìròyìn tó bá kan gbogbo ìlú kì í wà níbì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì lè san án, kó san án, kí àwọn tó ń wá òótọ́ fún wa lè jẹun.

Ṣùgbọ́n líǹkì tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, tó ní òun máa ṣí gbogbo ìwé ìròyìn fún yín, ẹ fi sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé sórí fóònù yín, tiyín nìkan ni. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan tí ẹlòmíì ní kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má sì kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Bí ẹni tí ẹ mọ̀ bá sì kọ̀wé pé òun wà nínú wàhálà, pé kí ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná. Ó ṣeé ṣe kó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kó máa kọrin.